Ìlú Tí Àlejò Kò Gbọdọ̀ Jẹun

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló mú ìwé kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ ni mo ń rán ní Igbókòdá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, ojú mi kò sì fẹ́ràn lẹ́tà wẹ́wẹ́, nítorí náà òun ló máa ń kà á sí mi létí bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ.

Ìtàn ìlú kan ni, àárín omi ló wà, kùrukùru bò ó. Ìlú náà kì í dúró lójú kan. Ẹni tó rí i lónìí lè padà wá kó bá omi lásán. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń dá àlejò mọ̀ kó tó lanu. Àlejò tó bá sì jẹ oúnjẹ wọn, ó parí, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bó bá ń rìn gan-an, ilẹ̀ kò ní gba ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí ló wá dùn nínú èyí?"

"Àǹkù, gbogbo ẹni tó débẹ̀ ni wọ́n ti ń retí. Níhìn-ín, ta ló ń retí ẹnì kankan?"

Mo gé òwú. Àwa tí wọ́n bí sórí omi, títì ọlọ́dà la sá tọ̀ wá. Òun tí wọ́n bí sétí títì ló wá ń wá omi kiri nínú ìwé.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Olùkọ́ ni ọmọkùnrin náà, abúlé apẹja kan létí òkun ló ti wá. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì máa gbé. Ara fu mí. Ṣé ọkùnrin ló fẹ́ fẹ́ ni, àbí ìlú inú ìwé? Ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọmọbìnrin náà ti kú, èmi ni ẹbí sì yàn láti lọ ṣe ìwádìí. Bí mo bá dé tí mo ní kò dáa, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti tán nìyẹn.

Òwúrọ̀ tí ọyẹ́ bo ojú omi ni mo wọkọ̀. Mo sọ fún awakọ̀ pé mo mọ abúlé náà, pé bàbá mi máa ń mú mi wá ta iyọ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ìlú yẹn ti ṣí."

"Ìlú ń ṣí?"

"Òkun lé wọn. Wọ́n tú ilé wọn, wọ́n tún un kọ́ sẹ́yìn. Ibi tí ẹ mọ̀ yẹn, orí rẹ̀ la wà yìí."

Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ni. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ rí pé òkun ń jẹ ilẹ̀ wa. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ìwé náà ló wà lọ́kàn mi. Mo tún okùn jákẹ́ẹ̀tì amúnilefòó tí wọ́n fún mi so.

Nígbà tí a débẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá. N kò rí ẹyọ kan. Orí afárá pákó ni wọ́n ń gbà láti ilé dé ilé, pákó kì í sì í gba ojú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tẹ́rù ń bà kì í fẹ́ mọ nǹkan.

Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyá tó bí bàbá ọmọkùnrin náà ni. N kò tíì kí i tó fi ní, "Ìwọ lọmọ ọkùnrin oníyọ̀. Wọlé."

"Ìyá, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Imú bàbá rẹ lo gbé wá."

Nínú ilé, ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, mo bi í nípa àìsàn ilé wọn, mo bi í bóyá ó ń mu ọtí. Kò sí èyí tó fì sọ́tùn-ún fì sósì nínú ìdáhùn rẹ̀. Ni wọ́n bá gbé oúnjẹ dé: púpurù funfun, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ ẹja tútù tó ṣì ń hó. Orí ẹja náà kọjú sí mi.

"Mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Ìyá àgbà ní, "Láti Igbókòdá? Yóò ti dà."

"Inú ń run mí díẹ̀."

"Ọbẹ̀ yẹn ni yóò wò ó."

"Ìyá, mo ní n kò jẹ."

Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ìyá àgbà wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Gbé oúnjẹ kúrò. Wọ́n ti dá wa lóhùn."

Ọmọkùnrin náà gbé àwo náà. Ọbẹ̀ gbígbóná ń dà sí i lọ́wọ́, kò sì nù ún. Ìgbà náà ni mo tó rántí ohun tí kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá wá wo ilé àna tó kọ oúnjẹ wọn, ó ti ní àwọn kò fọmọ fún wọn.

"Ẹ dúró," ni mo pariwo. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ni."

"Ìwé wo?"

Àgbàlagbà bí èmi, mo jókòó, mo rò ó fún wọn: ìlú tó ń ṣí, bí wọ́n ṣe ń dá àlejò mọ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìyá àgbà gbọ́ ọ dópin.

"Ta ló ń se oúnjẹ nínú ìwé náà?"

"Ìyá arúgbó kan ni."

"Ó jọ mí?"

"Wọn ò sọ bó ṣe rí."

"Ojú ń tì wọ́n ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí àwọ̀n fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bu púpurù, ó rì í bọ inú ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́ níṣojú mi. "Ṣé o rí i? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá síbí ni mo ti ń jẹ ẹ́. Èmi náà ò tíì kúrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọkùnrin náà, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì gbé àwo sílẹ̀. Mo fọ ọwọ́. Oúnjẹ náà dùn. Ìyẹn gan-an tún bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí mo jáde, omi ti fà, ọkọ̀ wa ti jókòó sórí ẹrẹ̀. Awakọ̀ ní a kò lè lọ báyìí. Ìyá àgbà kígbe láti inú ilé pé, "Àbí o rí i!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò kúrò nídìí ọkọ̀ náà títí omi fi padà dé.

Ọmọbìnrin wa ti ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tilẹ̀ bi mí bí mo ṣe rí ọmọkùnrin náà.

"Àǹkù, ṣé ẹ jẹun níbẹ̀?"

"Mo jẹun. Mo tún ní kí wọ́n bù sí i."

Ó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ló ń gbé báyìí. Ó mú ìwé náà lọ, n kò sì bi í bó ṣe parí. Bó bá wá kí wa, sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá yìí, ó ká mi mọ́ ọn. Ó padà síta, ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì.

"Àǹkù, ẹ wò ó dáadáa."

Mo wò ó dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ni, ó pé. N kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.