Ohùn tí Burgl Yá Òṣèré

Bí o bá wọ ilé búrẹ́dì Walburga Schmerbeck ní ìlú kékeré Greinach, tí o kí i, tí o ní kí ó fún ọ ní búrẹ́dì dúdú kan, kí ó tó wé e tán ló ti mọ abúlé tí wọ́n ti bí ọ. Kì í ṣe idán. Ní apá igbó Bàfáríà yìí, ní ilẹ̀ Jámánì, kí ènìyàn tó mu sìgá kan tán ló ti rìn láti abúlé kan dé èkejì, síbẹ̀ ohùn wọn ò jọra. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò a máa fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn ará Hinterlohe tó wà lórí òkè, níbi tí wọ́n bí Walburga fúnra rẹ̀ sí, a máa gé ìdí ọ̀rọ̀ jẹ bí ẹni tó ń ṣahun rẹ̀. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe ń dá ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ láàárín ọjà ni wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀.

Burgl ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi dúró nídìí tábìlì yẹn. Ó kéré lára, ó gbọ́n lẹ́nu, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn.

"Bàbá, ará ìsàlẹ̀ odò ni ìyá yín," á sọ fún oníbàárà tí kò rí rí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni. Bàbá yín ló kí mi káàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá yín ló wá ń béèrè búrẹ́dì."

Báyìí ni òkìkí rẹ̀ ṣe kàn dé etí obìnrin kan láti Munich, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn òṣèré ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Ọdún 2007 nìyẹn, Burgl ti pé àádọ́rin ọdún. Obìnrin náà ní àwọn kan ní Berlin fẹ́ ṣe fíìmù lórí oṣù tó gbẹ̀yìn ogun Hítílà. Sójà kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti orí òkè, ẹni tí wọ́n sì fún ní ipò yẹn, ọmọ Kiel ni, létí òkun lọ́hùn-ún. Ṣé Burgl lè bá wọn tún ẹnu rẹ̀ ṣe?

Inú Burgl dùn ju bó ṣe fi hàn lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé ará Bàfáríà sínú fíìmù, ohùn ìpolówó bọ́tà ni wọ́n máa ń fún un. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn ún pé kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn Hinterlohe rí lẹ́yìn òkè yẹn. Ojú ìwé mẹ́fà nínú ìwé fíìmù náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i: ibi tí sójà náà ti ń jẹun, ibi tó ti ń bú ẹṣin, ibi tó ti ń kọ lẹ́tà sílé. Ìyókù, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó bọ́ síta.

Ọmọkùnrin náà dé, Jannes Wittkopp lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó mọ̀wàá hù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì mọ́ bí omi inú ìgò. Ó jókòó ní ilé ìdáná Burgl lójoojúmọ́, ó ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí wọ́n gún tí wọ́n sì sè róbótó, ọ̀rọ̀ náà ò sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ tún un sọ."

"Ẹnu rẹ mọ́ jù, ọmọ mi. Fi ọ̀dùnkún gbígbóná há ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí o tó sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Ohùn obìnrin ni ó ń gbọ́ lẹ́nu Burgl, ohùn ọkùnrin ló sì nílò. Ni Burgl bá gun àga, ó gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1980, nígbà tí bàbá rẹ̀, Xaver Loibl, pé àádọ́rin ọdún, ọkọ Burgl gbé ẹ̀rọ kékeré sórí tábìlì, ó gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀. Xaver máa ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù fún àwọn àgbẹ̀, òun ló sì ń gbé ọ̀págun ìjọ ní gbogbo ọjọ́ àjọ̀dún. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ ìbí yẹn ló kú. Ó ní àṣà kan: tó bá sọ ohun tó ká a lára, á tún ìparí rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Jannes mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nígbà tó padà ní ọjọ́ kẹta tó sì kí Burgl káàárọ̀, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Xaver Loibl ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbéèrè kan, Màmá," Jannes wí. "Ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì kejì, tí gbogbo wọ́n ti mu bíà yó, bàbá ní: 'Mo sọ fún un pé kó bọ́ bàtà ẹ̀, bàtà yẹn ṣì dáa. Ṣì dáa.' Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní: 'Xaver, ó tó.' Wọ́n sì pa ẹ̀rọ náà. Ta ló sọ ọ́ fún?"

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ la odò kọjá," ni Burgl dá a lóhùn. "Bàbá mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣòfò." Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ohun tó sì máa ń rò nìyẹn.

Wọ́n ṣe fíìmù náà tán. Ní ọjọ́ Sunday kan lóṣù kẹwàá ọdún 2008, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ilé sinimá Greinach gbé e jáde, Jannes pàápàá sì wá. Burgl wọ aṣọ àjọ̀dún rẹ̀ tó ní ìrépé sílíkì níwájú. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló pè. Àwọn ará Hinterlohe sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n gba ìlà àga mẹ́rin. Korbinian Aschenbrenner, tó ni ilé ìlagi Hinterlohe, tí òun àti Burgl jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Wọ́n gbé bíà wọn sórí pákó kékeré tó wà níwájú àga kọ̀ọ̀kan, iná sì kú.

Ará Greinach ò mọ bí a ṣe ń dákẹ́ wo sinimá. Ọ̀gá sójà kan kọ́kọ́ yọjú, ó ń sọ ohun tó rò pé ó jẹ́ èdè Bàfáríà, àmọ́ ti àwọn ará Austria ló jọ.

"Yéè, gbé kọfí wá fún wa, agbáwo Vienna!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Fi í sílẹ̀, eyín tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sẹ́nu."

"Tó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe yìí náà ló ń yìnbọn, abájọ tí a fi pàdánù ogun."

Ẹ̀rín sọ. Nígbà náà ni Jannes yọ lójú fíìmù, ó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, ó bú ẹṣin rẹ̀. Gbogbo wọn tẹ́tí sí i. Obìnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀. "Ọmọ wa ni! Ará Hinterlohe ni!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń jowú, Burgl sì jókòó gángán bí ìyá ìyàwó. Kò sí ọjọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Ǹ bá fẹ́ kí fíìmù náà parí síbẹ̀ fún un.

Ẹni tí kì í ṣe ará Hinterlohe kò ní mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ní April 1945, ọjọ́ mẹ́wàá kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó dé, wọ́n so àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n kó wọ iṣẹ́ ogun kọ́ sórí igi níwájú ilé ìlagi, nítorí pé wọ́n sá kúrò lójú ogun. Òkúta kan wà níbẹ̀ tó ní orúkọ wọn. Lábẹ́ orúkọ, wọ́n kọ ọ́ pé ọwọ́ àjèjì ló pa wọ́n. Ará Àríwá, ni gbogbo abúlé máa ń wí. Wọ́n wá, wọ́n ṣe é, wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Hinterlohe ti lọ fún ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, wọ́n sì ti ń rò pé ó ti rẹ òtítọ́ lójú ọ̀nà.

Nínú fíìmù, wọ́n mú ọmọ mẹ́ta. Ọ̀gá béèrè ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn sójà ń wo ilẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ orí òkè yìí ló jáde, kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Ó na okùn wò. Ó wo èyí tó kéré jù láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Bọ́ bàtà ẹ. Bàtà yẹn ṣì dáa. Ṣì dáa."

Ife kan bọ́ níbì kan, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Ní ìlà mẹ́rin Hinterlohe, àwọn arúgbó tẹrí ba bí ẹni pé òjò ń rọ̀ lé wọn lórí, nítorí wọ́n mọ ẹni tó máa ń sọ ìparí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ara Burgl tutù wá láti ẹsẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: kò sí odò kankan. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan.

Iná tàn. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Korbinian tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀.

"Burgl, ìwọ lo sọ fún un?"

"Kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ sọ?"

"Mo wà ní àjà ilé ìlagi lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ohun tí bàbá rẹ sọ gan-an nìyẹn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an sì nìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ látijọ́?"

"Bàbá mi ní tí mo bá lanu, òun á fi mí sábẹ́ ayùn." Ó mí kanlẹ̀. "Àti pé iwájú mi lo máa ń jókòó ní kíláàsì kan ṣoṣo tí abúlé wa ní."

Burgl yíjú wò ó. Korbinian ò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, ẹsẹ̀ ìyá àgbà nínú bàtà àjọ̀dún. Òye ohun tí Korbinian ń wí yé e, ó sì bẹ ara rẹ̀ pé kó má yé òun.

Níwájú, Ọ̀gbẹ́ni Dollinger tó ni ilé sinimá ti mú gbohùngbohùn, ó ń làágùn. Jannes, ọmọ àlejò tí kò mọ nǹkan kan, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó rò pé iṣẹ́ òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tí ẹ gbọ́, ọ̀dọ̀ Màmá Burgl ni mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ò sí nínú ìwé rárá. Inú ohùn tí wọ́n yá mi ló wà. Nígbà tí mo sọ ọ́, ọ̀gá fíìmù fúnra rẹ̀ sunkún. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú."

Olórí ìlú ti dìde. "Fíìmù ni, ẹ̀yin èèyàn wa," ó ní kíákíá. "Ìtàn àròsọ. Bíà wà ní gbọ̀ngàn, a ti sanwó rẹ̀."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ òtútù wọn. Ọ̀nà àbáyọ ti ṣí fún Burgl. Bó bá rẹ́rìn-ín péré, bó bá ní bàbá òun máa ń sọ oríṣiríṣi nǹkan tó bá ti mutí, gbogbo wọn á gbà á, wọn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rìn dé iwájú, ó gba gbohùngbohùn.

"Ohùn bàbá mi ni," ó ní. Kò sọ ọ́ ní èdè ilé ìwé tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Hinterlohe ló ṣe sọ ọ́. "Xaver Loibl. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló so wọ́n kọ́."

"Burgl, jókòó," ẹnìkan wí láti ìlà Hinterlohe.

"Mi ò jókòó. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, bàbá mi gbé bàtà kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mi ò ní bàtà rí. Ó tóbi, ìyá mi fi koríko gbígbẹ dí iwájú rẹ̀. Ó ní ọjà ni wọ́n ti rà á, mo sì gbà, lẹ́yìn ogun tí kò sí ọjà níbì kankan."

Jannes ti dẹ́kun ẹ̀rín. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dì í mú, Burgl sì kọ̀.

"Ìgbà òtútù méjì ni mo fi wọ̀ ọ́," ó ní. "Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."