Bí Àǹtí Aba Ṣe Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n sọ ní Essikado, ìlú wa nítòsí Takoradi, pé Àǹtí Aba Eshun há sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá tó ń ta dọ́kónó, ẹ̀kọ líle tí wọ́n fi ewé dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó ní obìnrin náà wọ inú ẹ̀rọ kan lọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò, kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó ń pariwo pé kí wọ́n yọ òun, àfìgbà tí wọ́n fa wáyà iná yọ kó tó bọ́. Mo ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo yí ojú kọ̀ǹpútà ọmọ mi sí ògiri, mo sì fi gèlè bò ó. Ta ló mọ̀?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí yóò máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí àwa tó ń gbọ́ á fi máa di ìhà mú.

Opó ni Àǹtí Aba. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títẹ lẹ́tà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú sì gbà á láti máa ṣe ìkéde òkú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo Essikado ló máa ń wà nídìí rédíò láti gbọ́ ẹni tó kú, ibi tí wọn yóò ti sin ín, àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Nígbà tí ọkọ tirẹ̀ kú, ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn pe orúkọ bàbá náà sódì, débi pé àwọn ẹbí tó wà ní Tarkwa gbọ́ ọ, wọn ò sì mọ̀ pé ènìyàn àwọn ni. Wọn ò wá síbi ìsìnkú. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Aba ti pinnu pé, níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ òkú Essikado ní ìpèkúpè mọ́. Òun ló ń ka orúkọ wọ̀nyẹn sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Fúráìdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

Bí ilẹ̀ bá wá ń mọ́, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ló ń gbé àwọn ohùn náà jáde fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ kékeré kan ló ń tẹ̀ lé, àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é ní síkíríìpù. Ìlà kan, ohùn kan: kọ̀ǹpútà á ka ìlà, á gbé ohùn tó wà níbẹ̀ síta, á bọ́ sí ìlà tó kàn. Fiifi tó kọ ọ́ ló máa ń pààrọ̀ àwọn orúkọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Fiifi gbéyàwó, tó kó lọ sí Tamale, Ọ̀gá Arhin, alákòóso rédíò náà, pe Àǹtí Aba.

"Àǹtí, ìlà díẹ̀ péré lẹ óò máa pààrọ̀. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Àǹtí Aba dáhùn. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti fi odidi dọ́kónó kan dí ẹnu òun lọ́jọ́ náà.

Ó gbé ìwé àṣẹ náà lọ sílé, ó ṣí i nínú ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ lẹ́tà látọjọ́ pípẹ́, ó fi orúkọ àwọn òkú tuntun sí i, ó gbé e padà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, rédíò pa lọ́lọ́. Ìdílé Dadzie tí ìyá wọn kú ti pe ẹbí títí dé Cape Coast pé kí wọ́n ṣí rédíò. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ba Ọ̀gá Arhin, ó sáré fi orin kan sí i, orin ijó ni ọwọ́ rẹ̀ sì bà. Kí oòrùn tó yọ, àwọn Dadzie ti dúró sẹ́nu géètì nínú aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú àti pupa, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń fi ikú ìyá àwọn jó.

Àǹtí Aba mọ̀ dájú pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ó gbààwẹ̀. Ó mú òróró àdúrà, ó dà á sórí kíbọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́, ó sì fi orúkọ Jésù pàṣẹ. Òróró náà ṣàn lọ sábẹ́ bọ́tìnnì A, bọ́tìnnì náà rì wọlé, kò jáde mọ́. "Èmi tí orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A," ó máa ń wí, "tó tún parí sí A." Esaaba, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ló fi ẹyọ ọwọ̀ kan yọ ọ́ síta.

Ọ̀gá Arhin ò bá a jà, èyí ló sì dùn ún jù. "Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ bí Sátidé tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, àwọn ará Accra ni yóò máa ṣe é. Wọ́n ní ohùn ẹ̀rọ lọ́hùn-ún tó ń ka orúkọ."

"Ohùn ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ni yóò máa pe orúkọ òkú wa?"

"Àǹtí, rédíò ò lè máa dákẹ́."

Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun bí ọmọ. Ìbejì ni wọ́n, Panyin ọkùnrin, Kakra obìnrin. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ wáyé ni ẹ̀gbọ́n, Panyin ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ní èbúté Takoradi; Kakra ní tirẹ̀ ń ṣe ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun. Panyin ni ìyá wọn kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

"Panyin, ọ̀tá ti wọ inú rédíò."

"Maame, inú kí lẹ ti tún ìwé àṣẹ yẹn kọ?"

"Inú ibi tí mo ti ń kọ lẹ́tà."

Panyin mí kanlẹ̀. "Áà, Maame. Ṣé ẹ rí àwọn àmì kékeré tí wọ́n fi gbá orúkọ fáìlì mọ́ra lápá ọ̀tún àti òsì? Ibi tí ẹ ti ń kọ lẹ́tà máa ń tẹ̀ wọ́n kọ́dọrọ. Èyí tó dúró ṣánṣán ni kọ̀ǹpútà mọ̀."

"Ó lẹ́wà báyẹn, ó sì tẹ̀ dáadáa!"

"Ẹwà yẹn ló pa á. Ẹ́dítọ̀ lẹ nílò."

"Ẹ́dítọ̀? Ọmọ ta ni? Ṣé Takoradi ló ń gbé?"

"Kì í ṣe ènìyàn, Maame. Ibi tí wọ́n ti ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ni, láìfi ẹwà kankan kún un."

Panyin wá, ó sì fi tirẹ̀ hàn án lórí kọ̀ǹpútà rédíò. Vim ló ń jẹ́. Ojú rẹ̀ dúdú bíi ìdí ìkòkò, kò sí àwòrán kan tí ènìyàn lè tẹ̀.

"Àwọn tó mọṣẹ́ ló ń lo èyí, Maame."

"Àwọn tó mọṣẹ́ nìkan?"

"Àwọn nìkan."

Gbólóhùn yẹn ló kó sí Àǹtí Aba lórí. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan náà rárá, ó ti sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé inú òkùnkùn ni àwọn tó mọṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. A ní a ó máa gbàdúrà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá jókòó síwájú Vim, ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ó fẹ́ tẹ Dadzie. Bó ṣe tẹ D, ìyókù ìlà náà pòórá. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà parí, "dzie" nìkan ló hàn. Ẹ̀rọ ti jẹ orí Dadzie, ó sì ti fi ìlà rẹ̀ sin ín. Ó fẹ́ jáde. Ó kọ "jáde" ní èdè Fante tiwa, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ "ẹ jọ̀wọ́". Gbogbo rẹ̀ ń tò wọ inú ìwé àṣẹ, láàárín àwọn òkú. Ó tún pe Panyin.

"Ẹ tẹ Esc. Lẹ́yìn náà àmì olójú méjì, lẹ́yìn náà q. Ẹ wá fi àmì ìyanu parí ẹ̀."

"Iṣẹ́ ìyanu?"

"Àmì ìyanu, Maame! Èyí tí ẹ máa ń fi sẹ́yìn Halelúyà!"

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ kú sí. Ló bá figbe ta. Esaaba sáré dé, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí.

"Àǹtí, ilẹ̀kùn ò tì."

"Kì í ṣe ilẹ̀kùn! Inú ibí ni mo wà! Mi ò lè jáde!"

Esaaba wo kọ̀ǹpútà, ó wo Àǹtí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà yọ lára ògiri. "Ẹ ti jáde," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ sídìí ojú irin láti ra dọ́kónó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé etí mi.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Kakra dé. Ó ní Panyin fẹ́ pa ìyá àwọn ni. Ó gbé ẹ́dítọ̀ mìíràn wá, èyí tó ní àwòrán, tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, tó tún máa ń bá ènìyàn parí ọ̀rọ̀ tó bá ń tẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ mú àwọ̀ tó wù yín, Maame." Àǹtí Aba bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọ̀. Ó wo aláwọ̀ ewé, ó wo aláwọ̀ sánmà. Ó rántí pé ìgbà Lẹ́ńtì la wà, ó mú elésè àlùkò. Ó rí i pé kò bá gèlè òun mu, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi yàn án tán, ọ̀sán ti pọ́n, kò tíì fọwọ́ kan òkú kan ṣoṣo. Bó ṣe wá tẹ "Da", ẹ́dítọ̀ náà ti fẹ́ bá a parí rẹ̀ sí nǹkan tí kò jẹ mọ́ Dadzie. Kọ̀ǹpútà rédíò, tó ti dàgbà, bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ó gbóná, ó sì dákú.

"Kọ̀ǹpútà yín ló kéré," ni Kakra wí.

"Kakra, kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń gbéyàwó tá a fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́."

Ní Tọ́sìdé, ó dá jókòó sílé-iṣẹ́, kò pe ọmọ kankan. Ojú dúdú tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ló ṣí sílẹ̀, ó sì ń rò ó bí yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ohùn ẹ̀rọ àwọn ará Accra. Ìka rẹ̀ ṣèèṣì bà lé bọ́tìnnì tí ọfà orí rẹ̀ kọjú sókè. Ọ̀rọ̀ kan yọ: àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn lórí ẹ̀rọ náà. Ó tún un tẹ̀, àṣẹ tó ṣáájú yọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó kọjá gbogbo ìrìn-àrìnnù Panyin àti tirẹ̀, títí tó fi dé ìgbà Fiifi. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí Fiifi máa ń tẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó tó pààrọ̀ orúkọ: nano, àti orúkọ ìwé àṣẹ náà. Nano, nano, nano, bíi ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Fiifi tí gbogbo ayé ń yìn, ohun tó ń lò nìyẹn. Àǹtí Aba sì ti ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ń wo yẹtí tó fi sétí, kò wo ohun tó ń tẹ̀.

Ó ṣí nano. Òun náà dúdú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó lè ṣe ló kọ sí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, títí kan ọ̀nà àbájáde: àmì kan tó rí bí òrùlé ilé, X sì tẹ̀ lé e. Inú rẹ̀ dùn. Ó tẹ òrùlé, ó tẹ X. Òrùlé àti X wọ inú ìwé àṣẹ. "Mo tún ti há," ó wí fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò pariwo. Ó dán àwọn bọ́tìnnì igun kíbọ́ọ̀dù wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú X, ó sì rí i pé Ctrl ni òrùlé náà. Nano wá bi í léèrè bóyá kóun fi ohun tó ṣe pamọ́ tàbí kóun dà á nù. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bi òun ní nǹkan.

Ó nu òrùlé kúrò, ó tẹ Dadzie, ó tún àwọn àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe kí wọ́n dúró ṣánṣán, ó fi pamọ́, ó dán an wò. Ohùn òun fúnra rẹ̀ jáde: "Maame Efua Dadzie, ti ilé Nsona..." Esaaba gbé ọwọ̀ sókè níta. Ó ku orúkọ mẹ́ta tí àwọn ẹbí yóò mú wá lọ́jọ́ kejì.

Ní ọ̀sán Fúráìdé, ó ti ka àwọn yẹn náà sínú ẹ̀rọ, ó kàn sáré wálé jẹun kó tó padà lọ fi wọ́n sínú ìwé àṣẹ ni. Ó bá àwọn ìbejì ní pálọ̀, wọ́n ń jẹ ẹja rẹ̀. Ó fi ìdùnnú sọ ohun tó rí fún wọn.

"Nano?" Panyin dáwọ́ dúró. "Maame, nano kì í ṣe ẹ́dítọ̀. Ohun ìṣeré ni."

"Ó sàn ju kòtò tí o ju Maame sí," ni Kakra wí.

"Kòtò? Ta ló fi elésè àlùkò pa kọ̀ǹpútà aláìṣẹ̀?"

"Ó kéré tán, wọ́n rí ọ̀nà jáde nínú tèmi!"

"Torí ẹ̀rọ ti kú ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Àǹtí Aba wí, "ohun ìṣeré náà tó mi. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó mọṣẹ́. Ẹni tó da òróró sórí kíbọ́ọ̀dù ni mí."

"Kò tiẹ̀ kàn yín mọ́, Maame," Kakra wí, ó ń nu ọwọ́. "Mo ti bá Ọ̀gá Arhin sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń rò ó. Èmi ni màá máa pààrọ̀ ẹ̀ láti ilé mi, kẹ́ ẹ lè sinmi."

"Ìwọ?" Panyin dìde. "Èmi ti pè é láàárọ̀ àná! Èmi ni mo ní màá ṣe é!"

Ẹja dúró lọ́wọ́ Àǹtí Aba. "Ẹ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi?"

"Ìrànlọ́wọ́ ni, Maame. Ẹ̀yin náà lẹ pè wá," ni Panyin wí.

"Ẹ́dítọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ fi hàn mí. Mi ò ní kẹ́ ẹ gba òkú mi lọ́wọ́ mi."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba òkú yín. A kàn fẹ́..."

"A? Èwo ni a?" Kakra já lu ọ̀rọ̀ náà. "Èmi ni mo ń ṣe é. O fẹ́ fi Vim ṣe é kí rédíò tún dákẹ́?"

"Rédíò á ṣì sọ̀rọ̀ kí tìẹ tó ṣí tán! Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni..."

"Ìṣẹ́jú mélòó lo fi ju mí lọ? Sọ ọ́!"

Àǹtí Aba gbé ẹja sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó wé gèlè, ó mú báàgì. Panyin ń lu tábìlì, Kakra ń ka àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó fi ẹ́dítọ̀ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fún. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó rí i.

"Maame! Níbo lẹ ń lọ? Ẹ ò tíì sọ ẹni tó jàre!"

Ó fa ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ tórótóró, ọkọ̀ èrò ìgboro, àwọn ìka rẹ̀ ń tẹ awọ báàgì, òrùlé àti X, òrùlé àti X, kó má bàa gbàgbé kó tó dé rédíò. Ó ṣì ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé. Bí nano bá bi í bóyá kóun fi ìjà yẹn pamọ́ ńkọ́? Rárá, kó dà á nù.