Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tí Ọmọ Mi Fi Ṣàwàdà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó wọ ilé wa fún yín. Ọ̀fà ni mò ń gbé. Ǹ bá fi ìyẹn pamọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Rábíátù lorúkọ rẹ̀. Èmi àti òun nìkan la jọ ń gbé. Wíìgì ló ń tà lórí fóònù. Kíṣìnnì ló ti máa ń ṣe láífù, ìyẹn fídíò tí àwọn oníbàárà ń wò lójú ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì pé wíìgì tí òun rà ti ń já, pé òun ń bọ̀ wá bá a nílé. Rábíátù bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn, ó tún yíjú sí fóònù, ó sì ṣẹ́jú sí wọn.

"Máa bọ̀," ló wí. "Ọmọ Ọ̀fà kì í sá fún ìjàkadì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa gan-an ò ní kọ́kọ́rọ́."

Mo gbọ́ ọ láti pálọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gé ibẹ̀ nínú fídíò náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i, ó ti di sítíkà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù! Bí ẹnì kan bá halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn lórí bọ́ọ̀lù, sítíkà Rábíátù ni wọ́n fi ń dáhùn. Kódà, ní gúrúùpù asalátù wa, ìyá àgbà kan fi dá ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá jẹun lóhùn.

Wíìgì ń tà, inú ọmọ mi ń dùn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn? Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà! Láti ìgbà ọyẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ yẹn ti bàjẹ́. Alhaji onílé wa ṣèlérí títí, búlọ́ọ̀kù kan la fi ń ti ilẹ̀kùn náà látinú.

Mo ní kó pa fídíò náà rẹ́.

"Mummy, ta ló máa gbà pé òótọ́ ni?"

Ó pa á rẹ́ ṣá. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńkọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, oníkẹ̀kẹ́ kan gbé mi láti ọjà, ó sì dúró gẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa kí n tó júwe ilé. Ó ní ṣebí ilé ọmọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìyí. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní igi dóńgóyárò tó yọ lójú fèrèsé nínú fídíò yẹn, ta ni kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò? Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Sátidé, a lọ síbi ìsomọlórúkọ ní Ilemona. Nígbà tá a padà délé, ẹnì kan ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó gbé búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra gbé e kalẹ̀ dáadáa. Wọn ò mú nǹkan kan. Mi ò tíì bọ́ híjáàbù tí fóònù Rábíátù fi dún. Àwòrán kíṣìnnì wa ni nọ́ńbà kan tí a kò mọ̀ fi ránṣẹ́, kẹ́tù mi wà lórí sítóòfù, sítíkà ọmọ mi sì wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Mo wá. Òótọ́ ni."

Rábíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tá a sọ fún Alhaji, ó bi wá léèrè ohun tí wọ́n jí. Mo ní kò sí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n olè, mo mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó wọlé tí kò mú nǹkan kan, kí ló wá wò?

Kápẹ́ńtà fi kọ́kọ́rọ́ tuntun síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Rábíátù ò ṣe láífù mọ́, yàrá mi ló ń sùn.

Lọ́sàn-án àná, fóònù rẹ̀ tún dún. Sítíkà yẹn náà ni. Àwòrán ihò kọ́kọ́rọ́ wa tuntun ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ìta ni wọ́n sì ti yà á.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, à ń di ẹrù wa lọ sílé ìbátan kan. Mi ò ní sọ ibi tó wà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ṣe láífù, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ṣé irú èyí ti dé bá ẹnikẹ́ni nínú yín? Báwo lẹ ṣe bọ́ níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àdúgbò yín.