Àálè Ẹ̀gbẹ́ Kànga Bàbá Mi

Ọmọ bíbí Ìlọrà ni mí, ọmọ àgbẹ̀ tí a bí sí agboolé àgbẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin, mo sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Orí ilẹ̀ tí bàbá mi fi dá oko ẹ̀gẹ́ ni ilé tí mo ń gbé lónìí wà. Nígbà tí mo kọ́ ọ, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Nísinsìnyí, òrùlé aláwọ̀ pupa àti géètì onírin ti yí mi ká, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní àdúgbò tuntun.

N kò mọ ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́lé síbẹ̀ kì í gbé ibẹ̀. Wọ́n ń sùn síbẹ̀ ni. Ọ̀yọ́ ni àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́, Ìbàdàn ni ti àwọn mìíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ̀ wọn yóò ti máa tẹ̀lé ara wọn jáde sí títì. Bí oòrùn bá fi máa yọ, kò sí ẹni tí ó kù mọ́ bí kò ṣe èmi àti ewúrẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ń padà. Níbi tí a ti tọ́ mi, ẹni tí ó bá ti òde dé ni yóò kọ́kọ́ ní, "Ẹ kú ilé o," tí ẹni tí ó wà nílé yóò sì dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀." Fèrè mọ́tò ni àwọn wọ̀nyí fi ń kí mi. Wọn a fun ún lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì kọjá, gíláàsì ọkọ̀ wọn a wà ní títì pa.

Gíláàsì náà kì í sọ̀kalẹ̀ àfi ní òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ju ọ̀rá nù.

Ní ibi tí ọ̀nà wa ti já sí títì, ilẹ̀ kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri mi ni, ó sì ga díẹ̀ ju ẹ̀yìnkùlé mi lọ. Ibẹ̀ ni olúkúlùkù ń ju ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sí bí ó ti ń lọ síbi iṣẹ́. Wọn kì í dúró. Ọwọ́ kan a yọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ọwọ́ tí a fi aago sí, tí a kun èékánná rẹ̀. Ọ̀rá dúdú a fò, a bẹ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì tú síta: egungun ẹja, ìrẹsì tí ó ti kan, pámpásì ọmọdé, àti àwọn nǹkan obìnrin tí ìyá mi kò ní jẹ́ kí ojú ọkùnrin kan rí láéláé. Ewúrẹ́ a wá fà wọ́n ya. Eṣinṣin a bò wọ́n. Bí oòrùn bá ràn sí i, òórùn rẹ̀ a wọ inú yàrá mi, a wọ inú aṣọ tí mo sá, a wọ inú oúnjẹ tí mo fẹ́ fi sẹ́nu. Nígbà èwe mi, bí wọ́n bá ní wolé-wolé ń bọ̀, ìyá mi yóò ti gbá ẹ̀yìnkùlé tiwa tán, yóò sì gbá dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ìyá mi kò kàwé, kò sì gun ọkọ̀ ara rẹ̀ rí.

Bí ó bá jẹ́ òórùn nìkan ni, mo lè ti ilẹ̀kùn mi. Kànga mi ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Bàbá mi ni ó gbẹ́ ẹ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Ó bá òkúta pàdé nísàlẹ̀, ó sì fi òòlù àti irin là á títí omi fi sun jáde. Omi náà tutù, ó mọ́ gaara, kò sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rí. Òun ni mo ń mu, òun ni mo fi ń wẹ̀. Orúnkún mi kò sì lè gbé mi lọ pọn omi níbòmíràn mọ́. Àwọn aládùúgbò mi ní kànga ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n bí kò bá ti sí iná, ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá. N kò lé ẹnikẹ́ni rí. Òjò ọdún ti wá ń ṣú nígbà náà, mo sì mọ̀ pé bí àgbàrá bá gba orí ìdọ̀tí yẹn kọjá, inú kànga ni yóò wọ̀.

Mo lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Alága wọn, ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá ní Ìbàdàn, gbé àga fún mi.

"Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni ó wí. "A ti gbọ́. A máa gbé e yẹ̀ wò."

"Alága, n kì í ṣe Mọ́mì. Ìgbà wo ni ẹ máa gbé e yẹ̀ wò?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣé ẹ rí i, gbogbo wa ni à ń sáré jáde láàárọ̀."

"Àwọn ìyá yín náà sáré lọ sí oko láàárọ̀. Wọn kò dalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ omi ẹnikẹ́ni."

Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ní, "Tíṣà ti dé o! Ẹ jókòó dáadáa, kí wọ́n má lọ mú pàṣán!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa ṣọ́ àdúgbò.

Nígbà tí mo délé, mo ro ohun tí bàbá mi ì bá ṣe. Kì í pariwo lórí ohun ìní rẹ̀. Bí ó bá kó igi ìdáná jọ sí etí ọ̀nà oko, àálè ni yóò fi sí i: yóò so ṣùkù àgbàdo, àjákù bàtà àti ìdí ìgbálẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan, yóò rì í mọ́lẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ní olúwa, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyá ìjọ ni mí, n kò pe ọfọ̀ lé ohunkóhun rí. Ọ̀nà ìkọ̀wé ni mo ka àálè sí, gẹ́gẹ́ bí a ti í kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ síbẹ̀. Mo wá ṣùkù, mo wá ìdí ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa, mo mú àjákù bàtà mi kan, mo so wọ́n mọ́ ọ̀pá, mo sì fi ọwọ́ ara mi rì í sí àárín ilẹ̀ náà. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, pámpásì ni mo bá lórí ọ̀pá náà. Wọ́n fi kọ́ ọ bí ẹni fi fìlà kọ́ ara ògiri. Ìdọ̀tí tí ó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ti dúró tí mo ń wò ó ni obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi dé. Báńkì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ó sì ní ọmọ ọwọ́. Ọ̀rá méjì ni ó gbé dání, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an o."

"Kí ni mo ṣe?"

"Igi tí ẹ fi sàmì síbí ni. Mo sọ fún bàbá ọmọ mi pé, ẹ wò ó, Màmá náà ti ń dalẹ̀ síbẹ̀, mo rí bàtà wọn. Wọ́n tilẹ̀ ti bá wa fi ojú ibẹ̀ hàn, kí a yéé jù ú káàkiri."

"Àálè ni."

"Àálẹ̀?" Ohun tí a fi ń gbálẹ̀ ni ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí ìgbálẹ̀ tí mo so mọ́ ọ̀pá. "Èyí ti gé tán, Màmá. Ṣé kí n bá yín mú tuntun wá?"

Ọmọ Awẹ́ ni obìnrin yìí o. Kì í ṣe òkè òkun ni ó ti wá. Mo ṣàlàyé fún un, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, pé a fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ibẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Háà! Màmá! Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Ó ju ọ̀rá méjèèjì sílẹ̀ sí ìdí ọ̀pá náà gan-an, ó sì sá lọ sílé. Kò padà wá kó wọn.

Òjò ńlá rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí ó dá, mo fa omi. Ọ̀rá ni korobá kọ́kọ́ gbé sókè, irun tẹ̀lé e, ìdin sì ń yí lójú omi tí ó ti pọ́n bí omi ewé tí ó jẹrà. Mo dà á nù, mo tún fà. Bákan náà ni. Mo fi ọwọ́ mú ètè kànga, mo sì bì.

Iná kò sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alága gbé kẹ́ẹ̀gì dé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, omi díẹ̀ ni. Ìyàwó mi fẹ́ dáná."

Mo fa korobá kan, mo gbé e ka iwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo imú.

"Yéè! Kí ni ẹ jù sínú kànga yìí?"

"Èmi kọ́ ni mo jù ú. Ẹ wò ó dáadáa, bóyá ẹ óò dá tiyín mọ̀ nínú rẹ̀."

Kò wò ó. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ òfìfo, ó sì lọ.

Mo ní kí wọ́n gbọ́n kànga náà, wọ́n gbọ́n ọn. Òjò mìíràn rọ̀, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, mo pe bíríkìlà pé kí ó wá fi kọnkéré bo kànga náà. Ó bèèrè bóyá kí òun fi ojú ihò sílẹ̀ lára kọnkéré náà, bóyá n óò tún fẹ́ lò ó lọ́jọ́ iwájú. Mo ní kí ó dí i pátápátá. Inú ilé ni mo wà títí ó fi ṣe é tán.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, alága dìde.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá wa," ni ó wí. "Nígbà tí wọ́n ti dí kànga yẹn, kò sí ohun tí ìdọ̀tí tún lè bà jẹ́ níbẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí a kúkú fi ibẹ̀ ṣe ààtàn àdúgbò."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bèèrè ibi tí èmi yóò ti máa rí omi mu.

"Mọ́mì, omi inú ọ̀rá kún ìgboro," ni alága wí. "Ẹ máa ra ti inú ọ̀rá."

Mo ń rà á. Ó ń rùn bí ike, kò sì tutù. Bí mo bá mu ún tán, n óò ká ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan nínú ilé ìdáná mi, nítorí pé n kò ní ju tèmi sórí ibẹ̀. Àpò náà ti kún. Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.