Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Lórí Ọ̀sà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Bẹyẹrúnkà, ní Ìbàdàn, nígbà tí ìyá ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti wé gèlè, ó ti ró kíjìpá, agbọ̀n ẹrù rẹ̀ sì ti wà lórí òṣùká. Kò pè mí. Ó kàn húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì mọ̀ pé èmi ló ń dúró dè. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìdájí, Ìyá." Ó ní, "Kú ìdájí, Ìyàwó," ó sì kọjú sọ́nà.

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń mọ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn. Kò bú mi rí, kò sì bá mi ṣeré rí. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé pé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀rányàn ló fẹ́ kí ọkọ mi fẹ́, kì í ṣe èmi tí mo dàgbà sílé míṣọ́n tí mo sì ń kàwé. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi sọ pé èmi ni yóò sin Ìyá lọ sí ọ̀nà Èkó, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló bímọ níbẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Eyínafẹ́ ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Káfíńtà ló fẹ́, wọ́n sì ń gbé lábúlé kan lódìkejì ọ̀sà. Ìyá fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, kò ráyè, ó sì ní èmi tí mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ni kí n lọ.

A gba Ọjà'ba kọjá. Gbogbo ibẹ̀ dá wáí, àfi àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n sùn sábẹ́ àtẹ. Nígbà tí a gun òkè Mápó, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí èéfín tó ń rú lórí àwọn òrùlé koríko, ó pọ̀ lọ bí ẹni pé ìlú ń mí. Ní Bẹẹrẹ, àwọn tó ń ta koríko ìbolé ti ń sọ ìdì wọn kalẹ̀, ìrì ṣì ń kán lára rẹ̀. Láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ti ń kí Ìyá: "Ẹ ó re, ẹ ó bọ̀ o!" Ó ń dáhùn, kò sì dẹ ẹsẹ̀. Èmi tí mo kéré sí i lọ́jọ́ orí ni mo ń sáré tẹ̀lé e títí a fi jáde ní odi ìlú, tí a sì dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ọkọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ilé pákó ni, ọ̀kan so mọ́ ìkejì, irin dúdú kan tó ń jẹ iná tó sì ń mu omi ló ń fà wọ́n. Mo rò pé ẹ̀rù yóò ba Ìyá. Ó lọ bá irin náà, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń wo ẹṣin tó fẹ́ rà, ó ní, "Ó gbóná," ó sì wọlé. Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, èmi ni mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Fi ìró mi sílẹ̀, Ìyàwó, kó má baà tú láàárín èrò."

Pákó gbọọrọ ni a jókòó lé, ó sì ń gbọ̀n wá jìgìjìgì. Lójú mi, àwọn igi ló ń sáré padà sí Ìbàdàn, àwa ni a jókòó. Ibi tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ rìn sùn, tí wọ́n rìn jí, a ti kọjá ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Eérú ń fò wọlé, ó ń bà sí wa lára. Nígbà tí mo wo ojú Ìyá, ó ti dúdú yíká imú, mo sì yí ojú sápá kan kó má baà rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Ní Abẹ́òkúta, ọkọ̀ dúró pẹ́. Àwọn obìnrin yí wa ká pẹ̀lú igbá lórí. Láfún ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe é, ó funfun bí òwú, kò dúdú bí ọkà tiwa. Èdè wọn ń lọ sókè sódò bí orin. A ra ẹ̀kọ àti ẹja odò tí wọ́n dín, wọ́n sì gba owó ẹyọ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Ìdó, tí ọ̀nà irin parí síbi omi, tí Ìyá sì na owó ẹyọ sí ọlọ́sàn, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, a ò ná eléyìí mọ́ níbí o. Kọ́bọ̀ ni." Ìyá wo àpò tó ti rù láti Bẹyẹrúnkà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé òkúta ni mo wá rù fún ara mi yìí?" Mo fi kọ́bọ̀ tọ́wọ́ mi ra ọsàn, mo bó o, mo fún un, ó sì mu ún.

Èbúté Mẹ́ta ni a sùn, nílé ọ̀rẹ́ ọkọ Eyínafẹ́. Ìyàwó ilé fi ìmóyò ṣe wá lálejò. Ọbẹ̀ tí àwọn Àgùdà mú ti òkè òkun bọ̀ ni: ẹja sísè, ata, àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sí i. Kíkan rẹ̀ yà mí lẹ́nu, mo sì tọrọ sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé ife kan wá, ohun kan tó ń dán ń léfòó nínú omi rẹ̀. Mo mú un lọ́wọ́, mo ké, mo jù ú sílẹ̀. Yìnyín ni! Irú èyí tó ń bọ́ látòkè lọ́jọ́ òjò ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì tó ẹyin adìẹ. Ìyá ṣa á nílẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó di ojú pọ̀ títí ó fi yọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyàwó, bí a bá délé tí a sọ èyí, wọn ò ní gbà." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ "a" lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, èmi àti òun pọ̀. Mo rò ó títí mo fi sùn.

Láàárọ̀, a lọ sí èbúté. Omi náà fẹ̀ débi pé èmi tí odò Ògùnpa ni mo mọ̀ kò lè wò ó pẹ́. Ọkọ̀ tí yóò gbé wa gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó nídìí rẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀ wà níwájú, kálukú mú àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wà á dání. Àwa àti obìnrin méjì tí wọ́n gbé iyọ̀ ni èrò. Mo jókòó sísàlẹ̀, mo di etí ọkọ̀ mú.

Omi kọ́kọ́ rọ̀ bí òróró. A rí àwọn apẹja tí wọ́n ń da àwọ̀n, a rí ẹyẹ funfun tó dúró lórí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú omi. Nígbà tí a dé àárín, afẹ́fẹ́ dé láti ìhà òkun, ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níwájú fi gbogbo agbára ti àjẹ̀ bọ omi, ìgbì dá a padà, ó sì pariwo. Èjìká rẹ̀ ló yẹ̀. Ó ṣubú sẹ́yìn, apá rẹ̀ rọ̀ dirodiro. Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Bàbá ké pé, "Ẹ má dìde! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!"

Àwọn oníyọ̀ ń ké pe Olúwa. Nígbà náà ni mo rí Ìyá tó tú gèlè rẹ̀, tó fi gbàjá, tó sì ń fi orúnkún wọ́ lọ síwájú, tó mú àjẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́kùnrin náà.

Bàbá ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀! Ẹ ó ṣubú!"

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀tún lẹ fẹ́ ni, àbí òsì?"

Bàbá wo ìgbì. Ó ní, "Òsì, Ìyá. Òsì."

Ó ti àjẹ̀ bọ omi lósì. Kò fi ipá ṣe é, ó kàn ń tẹ̀ síwájú, ó ń fà á, ó ń gbé e, ó ń tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń ṣe ohun tó ṣe lánàá. Orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kojú sí ìgbì. Ó ké sí mi, kò bojú wẹ̀yìn: "Ìyàwó, igbá wà lẹ́sẹ̀ rẹ! Gbọ́n omi!" Mo gbọ́n ọn. Mo gbọ́n títí ọwọ́ mi kò fi mọ ara rẹ̀ mọ́. Bàbá ń pe ọ̀tún tàbí òsì, Ìyá ń yí ọkọ̀ síbẹ̀, títí afẹ́fẹ́ fi rọ̀ tí a sì rí ilẹ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, tí wọ́n ti mú ọ̀dọ́kùnrin náà lọ sílé oníṣègùn tó ń to eegun, bàbá ọlọ́kọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn, bẹ́ẹ̀ òun náà ti hu ewú. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ọmọ ibo ni yín?"

Ìyá dárúkọ ìlú kan tí n kò gbọ́ rí. Bàbá ní, "Etí omi kan náà tí a wà yìí ni." Ìyá ní, "Mo mọ̀. Òórùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ láti Ìdó."

A jókòó lábẹ́ igi àgbọn kí aṣọ wa lè gbẹ. Mo bi í pé, "Ìyá, níbo lẹ ti kọ́ ọkọ̀ wíwà?"

"Lọ́dọ̀ ìyá mi ni. Kí n tó mọ ọkà rò ni mo ti mọ àjẹ̀. Ogun ló kó mi kúrò níbẹ̀, mo kéré nígbà náà. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, òkè ni mo bá."

"Ẹ ò sọ fún wa rí."

"Ta ló bi mí? Ó yá, ìwọ ńkọ́? Ó ti tó ìgbà wo tí o ti wà nílé, o ò bi mí ní nǹkan kan rí ju pé kí lẹ ó jẹ lọ."

Mo ní, "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni, Ìyá."

Ó yíjú sí mi. "Èmi? Èmi ni mo rò pé ìwọ tó o mọ̀wé ò lè ráyè ọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá rí ọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo máa ń rọra kọjá ni, kí n má baà dí ọ lọ́wọ́."

A wo ara wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà sì rín títí ó fi ń nu ojú.

Ẹ̀yin ará ìlú, n kò lè ròyìn gbogbo ọjọ́ tí a lò lọ́dọ̀ Eyínafẹ́. Ọmọ náà dára, ó jọ bàbá rẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ abúlé náà, ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, wọn kì í sì í gbálẹ̀ bíi tiwa, wọ́n ń fi igi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ni. Omi àgbọn tútù ni a ń mu láàárọ̀, kì í ṣe irú àgbọn tó máa ń gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárọ̀, Ìyá ń wẹ ọmọ. Nírọ̀lẹ́, ó ń mú mi lọ sínú omi títí dé orúnkún, ó ń kọ́ mi bí a ṣe ń di àjẹ̀ mú. "Má lò ó bí ẹni ń gún iyán," ni ó máa ń wí. Mo yí ọkọ̀ káfíńtà po lójú kan bí ẹni tó ń lọ ata, Eyínafẹ́ sì fi ọmọ sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín mi létí omi.

Nígbà tí a padà, omi dákẹ́, ọkọ̀ ojú irin sì gbọ̀n wá dé Ìbàdàn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Bẹyẹrúnkà. Gbogbo ilé yọ sí wa, wọ́n gba ẹrù, wọ́n bi wá léèrè Èkó. Ìyá jókòó lórí ẹní, ó ní, "Ó dára. Ọmọ ń mu ọyàn dáadáa."

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ṣé omi náà ò bà yín lẹ́rù?"

Ìyá wo mí. Mo ní, "Ìyá ló wa ọkọ̀ gbé wa gúnlẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó àgbà tó ń ro ọkà ní, "Ìyàwó wa ti mu omi òkun lámujù!"

Ìyá na ọwọ́ sí i, ó ní, "Gbé orógùn yẹn wá."

Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, lósì, lósì, ó rọra ń fà á. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Ọkọ mi, ọmọ tó bí, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn níwèé, dúró bí igi. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi rí."

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí. Jókòó."

Ó jókòó. Ìyá dárúkọ ìlú rẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó sọ bí ẹja ṣe ń fò lórí omi lásìkò òjò. Ibi tó bá ti dákẹ́, èmi ni mo ń bi í ní òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Èkó, ẹ lọ. Ẹ tọ́ yìnyín wò, ẹ má sì ru owó ẹyọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa nínú ilé yín ni kí ẹ mú dání. Ní tiwa, a kò tètè rí ọkà jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí Ìyá kò gbé orógùn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.