Bébà Àpò Sìmẹ́ǹtì Lábẹ́ Ọ̀dà

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọ̀dà tútù gba gbogbo àgbàlá Bàbá Olóbì l'Ágége, tí mò ń yan kiri ibẹ̀ bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ mọ́tò.

Bàbá Olóbì ni onílé wa. Jíìpù kan tí àwọn sójà lò nígbà ogun ni wọ́n fi ń kó obì jáde láti oko, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ ń gba ibẹ̀ yọjú. Èmi nìyí, oṣù mẹ́ta péré ni mo lò lọ́dọ̀ wẹ́dà ajórin kan n'Íkẹjà, ilẹ̀ gbígbá sì ni iṣẹ́ mi níbẹ̀. Àmọ́ mo ti sọ fún gbogbo ilé pé mo tún lọ́rì kan ṣe tí wọ́n fà jáde nísàlẹ̀ odò Ògùn, tí ọ̀nì ṣì jókòó síbi dírẹ́bà.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀nì yẹn ní láísẹ́ǹsì?" Síbẹ̀ wọ́n gbé jíìpù lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi máa ń wí pé kí a gé ìpẹtà títí a ó fi kan irin tó mọ́, kí a tó jó irin tuntun mọ́ ọn. Mo gé, mo gé, ihò ń fẹ̀ sí i. Mi ò mọ irin jó. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ni mo bá fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ bébà àpò sìmẹ́ǹtì léra wọn ní ìpele mẹ́sàn-án láti fi dí ihò náà, mo kun ọ̀dà aláwọ̀ ewé lé e. Nígbà tó gbẹ, mo fi ìka kàn án, ó dún kó.

Ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá wọ agbádá funfun, wọ́n pe ará àdúgbò àti ààfáà wá ṣàdúrà sí mọ́tò. Àbúrò wọn ọkùnrin wá láti Onígbòǹgbò, ó gbé àwo obì dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń fa ọ̀rọ̀ ààlà oko. Ààfáà fi omi fọ àdúrà tó kọ sára wàláà, pátákó ilé kéwú, kúrò, ó sì da omi náà, odindi igbá kan, sí ilẹ̀ inú jíìpù. Mo rí i bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà wọlé.

Bàbá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé kí n gùn ún?"

"Ẹ gùn ún, sà. Irin ni."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn já gba inú rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo agbádá. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, mo ti kígbe: "Iṣẹ́ ọ̀tá nìyí o!" Mo ń ṣe bí ẹni ń gbé Bàbá dìde, mo sì ń kó bébà rírin sábẹ́ bùbá mi.

Bàbá yíjú sí àbúrò wọn. "Ṣé o ti ṣe tán báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi?"

Ọkùnrin náà gbé àwo obì sílẹ̀, ó lọ. Wọn ò jọ jókòó lórí ẹní kan náà mọ́. Nígbà tí àbúrò kú, èmi gan-an ni Bàbá rán lọ ra aṣọ òkú. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bi mí pé kí ló lè fa irú ìyẹn láàárín ọmọ ìyá. Ẹnu mi tó gbé ọ̀nì jókòó síbi dírẹ́bà kò lè sọ̀rọ̀ bébà.

Mo ti dàgbà ju Bàbá ìgbà náà lọ báyìí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá yí mi ká, ìtàn ọ̀nì ni wọ́n máa ń bèèrè. Mo máa ń sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti lọ tán, bébà yẹn ni mo máa ń rí, tó rin gbindin lábẹ́ abíyá mi.