Fótò Bàbá Onílé Mi Pẹ̀lú Bàálù Ogun

Ojú ọ̀tún Bàbá onílé mi ní ìlú Ìbà ti fọ́ kí n tó di ayálégbé wọn. Ti òsì ni wọ́n fi ń ríran, òun náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kò fi dá wọn lójú pé wọ́n á tún ríran. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ṣọ́jà fẹ́ pàtẹ bàálù ogun, ti àtijọ́ àti tuntun, ní bárékè Ọ̀jọ́ kí ará ìlú wá wòran, Bàbá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ya fótò ní Okokomaiko. Fótò ni wọ́n máa ń pè mí.

"Fótò, irú bàálù tí mo ń tún ṣe nígbà tí mo wà nínú iṣẹ́ ológun máa wà níbẹ̀. Yà mí pẹ̀lú ẹ̀. Tí ojú yìí bá là, màá wò ó. Tí kò bá là, àwọn ọmọ mi á máa wò ó."

Mo ní kò burú. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé kámẹ́rà sún mọ́ ṣọ́jà, ó ń wá wàhálà fún ara rẹ̀ ni.

Ọjọ́ náà pé, òjò ò sì jẹ́ ká gbádùn. Kò rọ̀ kó dá, ó kàn ń ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀, ojú ọ̀run sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi ọ̀rá búrẹ́dì wé kámẹ́rà mi, mo dá ihò sí ibi ojú rẹ̀. Tí jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fò fún ìran bá ti kọjá lókè, ariwo rẹ̀ là ń gbọ́, kí n tó gbé kámẹ́rà sókè ó ti wọ inú ìkùukùu. Mo sáà ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo fọ àwọn fótò yẹn, gbogbo jẹ́ẹ̀tì inú wọn jọ eṣinṣin.

Bàálù Bàbá wà ní ìpẹ̀kun pápá, ó ní abẹ̀bẹ̀ nímú, omi ń kán lára rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ pa á lára. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n wá àga. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Rárá o. Àgbàlagbà tiwa kì í dúró ya fótò tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri. Á jókòó, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á kọjú síwájú, á sì hàn títí dé bàtà. Mo tọrọ àga lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Bàbá jókòó, wọ́n tún agbádá ṣe. "Má gé mi lẹ́sẹ̀ o. Má sì gé bàálù yẹn lápá."

Apá bàálù mà gùn. Mo sún sẹ́yìn, kò wọlé tán. Mo tún sún. Níbi tí mo ti ń fẹ̀yìn rìn, mi ò mọ̀ pé mo ti kọjá okùn tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ni ṣọ́jà kan já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ní kó o máa snap níbí?"

Èékánná rẹ̀ ti wà lẹ́nu ìdérí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Tó bá ṣí i, ìmọ́lẹ̀ á ba gbogbo fíìmù jẹ́, wọ́n sì ti fẹ́ kó àwọn bàálù náà kúrò. Mo nawọ́ sí Bàbá. Wọ́n ṣì jókòó bí mo ṣe tò wọ́n, ọwọ́ lórí orúnkún, òjò ń pa wọ́n, wọn ò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá yẹn ò ríran dáadáa. Wọ́n rò pé mo ṣì ń yà wọ́n. Àwọn náà ti ṣe ṣọ́jà rí, ara irú bàálù yìí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́."

Ṣọ́jà náà wò wọ́n títí. Ó dá kámẹ́rà padà fún mi, ó rìn lọ bá Bàbá, ó kí wọn bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá. "Bàbá, ó ti yà yín. Ẹ lè dìde." Mo jókòó sínú koríko tútù.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́jọ́ tí Bàbá wọ dígí wọn tó nípọn, mo gbé fótò náà lọ sí yàrá wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ imú.

"Òun nìyí," wọ́n ní. "Apá rẹ̀ pé."

Omi bọ́ lójú mi, ara sì tù mí. Àmọ́ Bàbá ò tíì gbé fótò náà kúrò lójú. Wọ́n fi ìka kan irùngbọ̀n funfun tó wà níwájú bàálù.

"Fótò, ta ni bàbá arúgbó yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Wọ́n tún un wò dáadáa, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti wá gbó tó báyìí, ẹ ò wá sọ fún mi?"